Ìka Méjì fún Jẹ̀díjẹ̀dí

Bàbá mi kò mu ọtí rí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún wa, bẹ́ẹ̀ la sì gbà á gbọ́, ọtí sì kù díẹ̀ kó gbé wọn lọ. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, àwọn ènìyàn máa ń rò pé mò ń fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo wa la jọ wà nínú ilé náà, gbogbo wa la ní ojú, ṣùgbọ́n fíìmù la ń fi ojú náà wò.

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó. Wọ́n ń kó fáìlì àwọn olùkọ́ bọ̀ láti Àkúrẹ́ wá sí Adó, àwọn kan dé, àwọn kan kò dé títí di òní. Ti bàbá mi dé. Igbákejì ọ̀gá ni wọ́n ní ilé-ìwé girama kan ní Ìkẹ́rẹ́, ìmọ̀ Bíbélì ni wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìyá mi, ọmọ Ìsẹ̀, ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi ti jáde ìwé mẹ́wàá, mo jókòó sílé, mò ń retí yunifásítì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èmi ni mò ń gún iyán, èmi náà sì ni wọ́n ń rán lọ gba kásẹ́ẹ̀tì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, tí bàbá mi bá ti ti ilé-ìwé dé, wọn a ní kí n lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò háyà lẹ́bàá ọjà. Irú fíìmù kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́: èyí tó bá dá lórí òru Èkó. Ọmọkùnrin kan á kúrò ní abúlé pẹ̀lú báàgì kan àti àdúrà ìyá rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí a ó fi bá a ní kílọ́ọ̀bù, iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé á máa tàn sí i lójú. Obìnrin kan tó wọ awò ojú dúdú lóru (a kò bi í pé kí ló ń wò) á gbé ife fún un, á ní, "Díẹ̀ báyìí." Láti ibẹ̀, ó di ìyẹ̀fun funfun, ó di ìbọn, ó di pé wọ́n ń lé e láàárín mọ́tò. Bí ọkàn wa bá wá gòkè tán, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé apá kejì ń bọ̀.

Bàbá mi ní nítorí iṣẹ́ Olúwa làwọn ṣe ń wò ó. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú iná lọ níbi tí wọ́n ti ń lé ọmọkùnrin náà, wọn kì í lè jókòó. Wọn a dìde, wọn a wo ojú fèrèsé bóyá àwọn ará iwájú ní iná, wọn a tún jókòó. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹlòmíràn ti háyà apá kejì ṣáájú wa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Àìkú. Ìyá mi a ní, "Ẹ má dá bàbá yín lóhùn o, ọmọ tí wọ́n ń lé nínú fídíò kò tíì bọ́."

Ife tánganran kan máa ń wà lọ́wọ́ wọn bí wọ́n bá ń wò ó. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ife náà, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

Nínú ìjọ wa, ọtí kò sí. Kódà oúnjẹ alẹ́ Olúwa, omi ìsápá ni wọ́n fi ń ṣe é, a sì máa ń fi yangàn sí àwọn ìjọ yòókù. Ṣùgbọ́n oògùn kì í ṣe ọtí, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ bàbá mi lẹ́nu, nítorí pé wọ́n ń fi gbogbo ọjọ́ jókòó lórí àga onígi láti máàkì ìwé àwọn ọmọ. Ìyá àgbà kan nínú ìjọ, ọmọ Èmùré, ló bá wọn ṣe agbo: egbò, èèpo igi àti kànáfùrù nínú ìgò ńlá kan. Omi lásán kì í fa agbára egbò jáde, nítorí náà ògógóró ni wọ́n fi rẹ ẹ́. A kì í pè é bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa. Omi agbo là ń pè é. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó dúdú bíi tíì tí a gbàgbé sínú ife, ó sì korò tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá mi fi ń jẹ ọsàn lé e lórí.

Ìyá náà ní kí wọ́n máa mu ìka méjì láàárọ̀, ìka méjì nírọ̀lẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí èèyàn fi ìka méjì lélẹ̀ ní ìbú sára ife, kí agbo má kọjá wọn. Wọn kò sọ ìka ta ni. Bàbá mi ga, ọwọ́ wọn sì tóbi. Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé ìka méjì náà kò dùbúlẹ̀ mọ́. Wọ́n ti dìde dúró.

Ẹni tó bá sì ti mu agbo rí mọ̀ pé a kì í da egbò nù bí omi rẹ̀ bá tán. Òmíràn là ń dà sí i. Egbò kan náà lè gbé oṣù kan, kó gbé oṣù méjì. Tiwa ju ọdún kan lọ. Bàbá mi ló ń rọ omi agbo tí ìyá náà ń gbé wá sí i fúnra wọn, wọ́n sì gbé ìgò náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ìwé orin wà, kí ọmọdé má baà lọ mu oògùn àgbàlagbà. Ọmọdé kankan kò sí nínú ilé wa mọ́ nígbà yẹn.

Báyìí ni a ṣe ń wo fíìmù. Obìnrin aláwò dúdú á na ife sí ọmọkùnrin náà, bàbá mi á mi orí. "Ẹ wò ó. Ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. 'Díẹ̀ báyìí.' Èṣù kì í bu púpọ̀ fúnni lẹ́ẹ̀kan náà." Wọn a gbé ife tiwọn sẹ́nu, wọn a fajú ro nítorí ìkorò, wọn a ní kí n yí ohùn fídíò náà sókè díẹ̀.

Wọ́n wá gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi ni olùkọ́ kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, àkòrí tí wọ́n sì mú ni bárakú. Wọ́n ní ohun tó bá ti di bárakú fún ènìyàn ní àmì mẹ́rin, wọ́n sì kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, wọ́n á fi ọwọ́ júwe, a ó jọ máa dáhùn. Wọ́n á fọwọ́ sí àyà, a ó ní, "Á ní òun lè fi í sílẹ̀ nígbàkígbà." Wọ́n á bo ojú, a ó ní, "Á máa fi í pamọ́." Wọ́n á di ìkúùkù, a ó ní, "Á máa bínú bí kò bá rí i." Wọ́n á wá na ọwọ́ ọ̀tún síwájú gbọọrọ, gbogbo kíláàsì á pariwo pé, "Ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n."

Kíláàsì náà kún. Àwọn àgbàlagbà fi kíláàsì tiwọn sílẹ̀, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì wá. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ lófo, wọ́n á sọ fíìmù náà fún wọn títí dé ibi tí ọmọkùnrin náà ti gba ife, agogo á lù, wọ́n á ní ìyókù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn tí kò lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá ọjà lọ. Onífídíò náà kò mọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣùgbọ́n ó máa ń ní kí n bá òun kí Bàbá. Ó sì ń fi èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde pamọ́ dè wọ́n.

Àárín rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ilé wa, parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, tó rí iṣẹ́ sí Èkó, nílé iṣẹ́ kan tó ń gba ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá. Bàbá mi gbé ọwọ́ kúrò nínú iyán.

"Àpápá? Níbi tí wọ́n pa ọmọ yẹn sí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọ wo. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e pé inú fíìmù ni wọ́n ti pa á.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀wà ló fẹ́ràn, ó sì lè sùn níbikíbi. Bí Èṣù bá gbé ife fún un ní kílọ́ọ̀bù, oorun á ti gbé e lọ kí ife náà tó dé ẹnu. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní àwọn mọ Èkó. Ìgbà tí ìyá mi bá a bẹ̀bẹ̀ ni wọ́n tó gbà, pẹ̀lú àdéhùn pé kó máa wálé bí ó bá ti gba ìsinmi, kí àwọn máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ti dọ̀bálẹ̀ tán, kó tó mu omi, bàbá mi á ní, "Na ọwọ́ rẹ." Á na ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì pálọ̀ lókè, wọ́n á tẹ̀ síwájú, wọ́n á wò ó, wọ́n á yí i padà, wọ́n á wo àtẹ́lẹwọ́. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi kì í mira. Wọ́n á tú èémí, wọ́n á ní, "Ó dáa. Jókòó." Inú mi máa ń dùn sí i. Ìfẹ́ ni, ó kàn jẹ́ pé bó ṣe ń jáde lára wọn nìyẹn.

Ní ọdún kejì, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ẹ̀wù fẹ̀ jù fún wọn lọ́rùn, ẹ̀wọ̀n aago ọwọ́ wọn sì ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Ojú wọn pọ́n díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyán sílẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe Èkìtì lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkùnrin Ìkẹ́rẹ́ tó bá fi iyán sílẹ̀ nínú àwo, ẹ pe àwọn ẹbí rẹ̀. Ìyá mi á gbé àwo náà dúró lọ́wọ́, wọ́n á máa wò ó. "Uṣu yìí kò dáa ni?" Bàbá mi á ní ó dáa, inú ló kún.

Ìgbà kan, ìyá àgbà ọmọ Èmùré yẹn lọ sìnkú nílé fún ọ̀sẹ̀ kan, omi agbo sì tán. Bàbá mi bá ewúrẹ́ aládùúgbò jà. Wọ́n ní kí n tún iyán gún nítorí pé ó ní kókó, kò sì ní kókó. Ìyá mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ló ń bínú nínú wọn, pé agbo tó já yẹn kò dáa fún ara. Nígbà tí ìyá náà dé, inú gbogbo wa ló dùn.

Ẹ̀rù ń bà mí ní àsìkò yẹn. Mo rò pé bàbá mi ń kú lọ, mo rò pé jẹ̀díjẹ̀dí ló ń pa wọ́n, mo sì ń kúnlẹ̀ gbàdúrà láràárọ̀ pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí agbo náà ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wálé fún Àjíǹde. Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá mi pè é jáde níwájú kíláàsì. Wọ́n dúró ti tábìlì, wọ́n fọwọ́ lé e léjìká. Wọ́n ní, "Ẹ wo ọmọ mi. Ó ti wà ní Èkó láti ọjọ́ yìí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ọwọ́ ẹni tó wà nínú iná tí iná kò jó. Na ọwọ́ rẹ."

Ojú ń ti ẹ̀gbọ́n mi. Ó na ọwọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń gba ṣéńjì.

Bàbá mi ní, "Kì í ṣe báyẹn. Kó gún, kí ìka yà síra. Ẹ wò mí."

Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún wọn síwájú gbọọrọ.

Ẹ̀wọ̀n aago náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lórí eegun ọwọ́ wọn. Mo gbójú sókè, mo rí i pé ọwọ́ náà ń gbọ̀n láti èjìká dé ìka. Wọ́n gbìyànjú láti mú un dúró, ó túbọ̀ ń gbọ̀n. Àwọn tó jókòó níwájú sì ti rí ọwọ́ tó nà. Oṣù mélòó ni wọ́n ti fi kọ́ wọn? Wọn ò rò ó. Wọ́n pariwo pa pọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé, "Ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n."

Àwọn tó wà lẹ́yìn kò bá wọn parí rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ọmọ Èmùré yẹn dìde láàárín àwọn obìnrin, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó, wọn ò tíì jẹun." Bàbá mi kò jókòó. Wọ́n ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín. Wọ́n ní ká gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kò wá, ẹ̀gbọ́n mi ló gbàdúrà náà parí.

A rìn dé ilé. Bàbá mi jókòó sórí àga wọn. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù ìwé orin, ó gbé ìgò náà jáde, ó gbé e lé tábìlì níwájú fèrèsé. Ọ̀sán gangan ni. A kì í gbé e síbi tí oòrùn wà tẹ́lẹ̀, a kò rí i rí báyẹn. Kò dúdú mọ́. Omi inú rẹ̀ mọ́ bí omi òjò, mo sì ń rí òkè Olósùnta láti inú ìgò náà. Egbò yẹn ti ṣá, ó funfun nísàlẹ̀.

Ìyá mi sún mọ́ ọn, wọ́n wò ó títí. Ní èdè Ìsẹ̀ ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Ugi ló kù níbẹ̀." Igi lásán.

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, ìkúnlẹ̀ obìnrin, ó gbàgbé láti dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Jẹ̀díjẹ̀dí náà ńkọ́?"

Bàbá mi wo ìgò náà. Wọ́n ní, "Ó ti lọ láti ọdún tó kọjá."

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sunkún. Èmi náà sunkún. Inú bí mi sí ìgò náà, inú bí mi sí obìnrin aláwò dúdú yẹn tó jẹ́ ká rò pé òun nìkan ló ń gbé ife fúnni.

Nínú fíìmù, pásítọ̀ ló máa ń wá ní apá kejì. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá mi, tí kò fẹ́ kí ọmọ wọn dé Èkó, tẹ̀ lé e lọ Èkó, nítorí pé ilé ìwòsàn tí wọ́n ti mọ bí a ṣe ń já ènìyàn gbà lọ́wọ́ ọtí wà nítòsí ibi tó ń gbé. Dókítà ní ọtí ti bá ẹ̀dọ̀ wọn jà, pé bí wọ́n bá tún fi ẹnu kàn án, kí a má wulẹ̀ gbé wọn padà wá. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ kò dáa. Wọ́n ń làágùn, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń bá àwọn èèyàn tí kò sí níbẹ̀ jà. Wọ́n ní kí ó bá àwọn pa iná pupa náà. Kò sí iná pupa kankan.

Nígbà tí ara wọn balẹ̀, wọ́n wà ní yàrá ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì ń jókòó sójú fèrèsé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú láti wo òru Èkó. Nígbà tí wọ́n padà dé, mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí. Wọ́n ní obìnrin kan máa ń din àkàrà, àwọn ènìyàn máa ń sọ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n á bọ́ bàtà sọ́wọ́, wọ́n á wọlé lọ sùn.

Mo ní, "Ìyẹn nìkan?"

Wọ́n ní, "Ó rẹ̀ wọ́n."

Wọn kò háyà fídíò mọ́. Wọ́n ní kí ìjọ fún ẹlòmíràn ní kíláàsì náà, ìjọ ní rárá, ìjọ sì tún gbà lọ́sẹ̀ kejì. Ẹni tí wọ́n fún kọ́ wa ní ìwé Léfítíkù, àwọn àgbàlagbà gbé bẹ́ǹṣì wọn padà. Ìyá àgbà ọmọ Èmùré wá sílé láti tọrọ àforíjì, bàbá mi kò jẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá, oògùn yín ṣiṣẹ́. Èmi ni mi ò dúró."

Nígbà Kérésì, ẹ̀gbọ́n mi tún wálé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó sì na ọwọ́ lé tábìlì fúnra rẹ̀, nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Bàbá mi kò wo ọwọ́ náà. Wọ́n ká ọwọ́ ẹ̀wù wọn sókè, wọ́n na tiwọn méjèèjì síwájú rẹ̀, wọ́n ní, "Wò ó."

Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ohun tí ì bá ṣe. Ọmọ kì í yẹ bàbá rẹ̀ wò. Ó wo ìyá mi tó ń gbé iyán bọ̀ láti ilé ìdáná. Nígbà náà ló gba ọwọ́ náà, ó wò ó dáadáa, ó yí i padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é fún un gẹ́lẹ́. Ọwọ́ náà ṣì ń gbọ̀n díẹ̀. Mo rí i, gbogbo wa rí i. Ṣùgbọ́n ẹran ti padà sára ọwọ́ náà, aago wọn ti há, kò dún.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó dáa, Bàbá. Ẹ jókòó."

Kò sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Ìyá mi dúró tì wọ́n pẹ̀lú iyán lọ́wọ́, wọ́n ń dúró kí àyè yọ lórí tábìlì.